Ilé Shubaikah àti Àwọn Àlejò Rẹ̀

Àìkú, 11 Ṣẹ́rẹ́

Òní ni ó tó yé mi pé ilé kì í ṣe ilẹ̀.

Lórí ìwé, ó ti yé mi tipẹ́. Àǹtí Kìfáyàtù, tó ń kọ́ mi ní Yorùbá láti Ìlọrin, ti fi àmì sí méjèèjì fún mi, wọ́n ní kí n pè wọ́n sínú fóònù, mo pè wọ́n, wọ́n ní mo gbìyànjú. Etí mi ni kò tíì gbọ́ ọ.

Èsì wọlé láàárọ̀ yìí láti ọ́fíìsì tó ń fún àwọn onílé lówó ìrànwọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè fún Ìyá Àgbà ní nǹkan kan lórí ilé Shubaikah ní Mẹ́kà, nítorí Ìyá Àgbà fúnra wọn ló sọ nínú fọ́ọ̀mù pé ilé náà kì í ṣe tiwọn. Mo ka Lárúbáwá rẹ̀ títí, kò yí padà. Mo lọ bá wọn nínú kíṣìnì níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Ìyá Àgbà, wọ́n ní ẹ sọ pé ilé kì í ṣe tiyín.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin.”

Wọn ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. “Ohun tí mo sọ ni pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwa, ilé ni tiwa. Ilẹ̀ wákàfù ni. Ẹni tó ni ín ti yà á sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run láti ayé àtijọ́. Bàbá Àgbà yín kọ́lé lé e lórí, a sì ń san owó ilẹ̀ fún wákàfù lọ́dọọdún. Kí ni ìwọ wá kọ?”

Ohun tí mo kọ ń dójú tì mí. Lọ́jọ́ tí a jọ jókòó sídìí fọ́ọ̀mù yẹn, ohun tí etí mi gbé wọlé ni “ilé kì í ṣe tiwa, ilé ni tiwa.” Mo rò pé ewì ni. Mo rò pé wọ́n ń sọ pé ògiri lè má jẹ́ tiwa, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ara ti ń tù wá. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo wá Lárúbáwá tó dùn jù lọ fún un: “Ilé yìí kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọkàn wa ń gbé.”

Sínú fọ́ọ̀mù ìjọba.

Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá táìlì kíṣìnì. “Ilẹ̀.” Wọ́n fi ọwọ́ gbá ògiri. “Ilé.” Wọ́n tún ṣe é. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ohùn wọn ń lọ sísàlẹ̀, bí ọwọ́ wọn ṣe ń gòkè ni ohùn ń gòkè. Mo gbọ́ ọ. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà mo rántí iye tí ẹ̀kọ́ yìí ná wa.

Rayan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wa, gòkè wá jẹun ọ̀sán. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó fi Lárúbáwá sọ pé kí wọ́n dá mi padà sí Leeds ní Ìlú Òyìnbó, níbi tí mo ti dé, kí n lọ máa kọ orin. Rayan gbọ́ Yorùbá o. Oúnjẹ nìkan ló máa ń fi í tọrọ.

Àtìní, 12 Ṣẹ́rẹ́

Láti àárọ̀ ni mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ibi tí a ti lè wo èsì wà lójú ewé ọ́fíìsì náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí a ti lè yin iṣẹ́ wọn wà, ìràwọ̀ márùn-ún ń dúró dè wá níbẹ̀. Kò síbi tí ènìyàn ti lè sọ pé òun ṣìṣe.

Èyí tó ń ká mi lára nìyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi páànù yí àdúgbò Ìyá Àgbà ká ní Mẹ́kà nítorí páìpù omi tí wọ́n ń rì, gbogbo ayálégbé ti kó jáde, Ìyá Àgbà sì ti wá bá wa ní Sharafiyah níbí ní Jídà. Owó ilé ni wọ́n fi ń san owó ilẹ̀. Owó ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ tó dé. Bí kò bá wọlé, wákàfù á gba ilẹ̀ wọn, ilé á sì bá ilẹ̀ lọ. Nítorí irú àwọn onílé báyìí ni ìjọba ṣe ní àwọn máa san díẹ̀ lára ohun tí wọ́n pàdánù. Bàbá mi ti fi èyí tí wọ́n ní ránṣẹ́, kò tó.

Mo bi Ìyá Àgbà ìdí tí wọn ò fi sọ ọ̀rọ̀ náà ní Lárúbáwá fúnra wọn, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Mẹ́kà.

“Lárúbáwá ọjà ni mo gbọ́,” wọ́n ní. “N ò gbọ́ ti fáìlì. Ìwọ lo sì ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, pé o fẹ́ kọ́ ọ.”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá.

Àlàmísì, 15 Ṣẹ́rẹ́

Mo rí ọ̀nà wọ ọ́fíìsì wọn ní Jídà. Obìnrin tó dá mi lóhùn ń jẹ́ Nouf, kò lè ju mí lọ púpọ̀. Ó ṣí fáìlì wa, ó ka gbólóhùn mi sókè.

“Ó dùn,” ó ní. “Ṣé akéwì ni ìyá yín àgbà?”

Mo ní rárá o, èmi ni mo ṣì wọ́n gbọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé lédè wa, ọ̀rọ̀ tí à ń pe ibùgbé àti ọ̀rọ̀ tí à ń pe ibi tí ó dúró lé fẹ́ jọra létí. Ó ní kí n pè wọ́n. Mo pè wọ́n. Ó pè wọ́n tẹ̀ lé mi, ó sì pè wọ́n dáadáa jù mí lọ. Inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ní àlàyé mi yé òun, àmọ́ kò sí bí òun ṣe lè kọ “ó yé mi” sínú fáìlì. Kí n lọ gba ìwé lọ́dọ̀ wákàfù, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ló ni ilẹ̀, ìdílé Àlàájì Bàdírù, bàbá mi àgbà, ló ni ilé, kí n wá gba máwídì, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n á dá fún mi, kí n tó padà wá.

Mo ní ṣé mi ò lè gba máwídì náà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Ó ní orí fóònù ni wọ́n ti ń gbà á. A jókòó síwájú ara wa, mo sì ń tẹ fóònù.

Àtàláátà, 20 Ṣẹ́rẹ́

Òjò. Ó rọ̀ fún bíi wákàtí kan péré, Jídà sì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Abẹ́ afárá kún, mọ́tò kan léfòó níbẹ̀ bí igbá. Wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé wọ́n ti ti máwídì mi síwájú fún ààbò mi.

Ìyá Àgbà ṣí fèrèsé, wọ́n gbé abọ́ mẹ́ta síta, wọ́n gbe omi òjò. Wọ́n ní ti Ìlọrin dùn jù ú lọ.

Àìkú, 25 Ṣẹ́rẹ́

Mẹ́kà. Rayan fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Ó ń ráhùn lójú ọ̀nà pé òun ń pàdánù oníbàárà, Ìyá Àgbà sì ń dá a lóhùn pé kí ó máa wo ọ̀nà. Òun ń fi Lárúbáwá ráhùn, àwọn ń fi Yorùbá bá a wí. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì kò yé nínú wọn, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì.

A kọ́kọ́ ya ilé. A ò lè wọlé. Láàárín páànù méjì, mo rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewéko, mo rí fèrèsé yàrá Suwaibat, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé, lókè, aṣọ fèrèsé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Eruku ti bo gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà ti ìka wọn bọ àlàfo páànù náà bí ẹni ń wọn nǹkan. Lẹ́yìn ìgbà náà wọ́n ní kí a máa lọ, pé oòrùn ń mú.

Akọ̀wé wákàfù ti mọ̀ wọ́n tipẹ́.

“Àlàájà,” ó ní, “mo gbọ́ pé ẹ ti sọ fún ìjọba pé ilé kì í ṣe tiyín. Ṣé kí a kúkú máa gbà á?”

“Kí lo fẹ́ fi ilé àgbàlagbà ṣe?” Ìyá Àgbà fi Lárúbáwá ọjà wọn dá a lóhùn. “O ò lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Wo ikùn rẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò fi apá ti owó ilẹ̀ ṣàwàdà. Bí a ṣe ń jáde ló rán wọn létí: kí ọdún tó dé. Ó ní ọ̀gá tuntun ti wà lókè, pé kì í ṣe bíi tàtijọ́ mọ́. Ìwé tí a wá gbà yóò jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a ya Bahra, níbi tí Suwaibat kó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó rí i láàárín àwọn ilé ìkẹ́rù àti ilé àwọn mẹkáníìkì. Yàrá kan ni òun àti Layla ọmọ rẹ̀ ń bá àwọn obìnrin mìíràn pín. Fàrúkù, tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé Shubaikah tẹ́lẹ̀, ti ríṣẹ́ títún ara mọ́tò ṣe nítòsí wọn. Mo pe Suwaibat ní àǹtí, ó ní kí n má pe òun bẹ́ẹ̀, òun ò tíì darúgbó. Ó ní ata ti di ohun ìyanu ní Bahra, pé tí òun bá rà á, òun kì í gbọ̀n ọ́n sínú ọbẹ̀, òun á kàn fi han ọbẹ̀ ni. Layla sùn lé Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀. Inú ilé Shubaikah ni wọ́n ti bí i.

Àtàláátà, 3 Èrèlè

Ìwé wákàfù jáde. Wọ́n kọ orúkọ Bàbá Àgbà ní Badr. Bàdírù ni. A tún ń padà lọ.

Àlàrùbá, 4 Èrèlè

Mo pe nọ́ńbà wákàfù, wọ́n ní kí n dúró lórí fóònù. Orin. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo dín ẹyin, mo jẹ ẹ́. Orin.

Àtàláátà, 10 Èrèlè

Ìwé ti wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ pé, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, “ilé” wà níbi ilé, “ilẹ̀” wà níbi ilẹ̀. Mo kà á fún Ìyá Àgbà ní Yorùbá láìkọsẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n mú owó nínú gèlè wọn, wọ́n ní kí n lọ ra áísìkiriìmù bí ọmọdé. Mo sì lọ rà á.

Àlàrùbá, 18 Èrèlè

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fáìlì wa ti dé ọ̀dọ̀ Nouf. Ó ní tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀, iṣẹ́ a máa falẹ̀. Mo fẹ́ bi í léèrè èwo ni ó yá tẹ́lẹ̀, mo rántí pé mo wà nínú àwẹ̀.

Àlàmísì, 26 Èrèlè

Wọ́n ti gbà. Wọ́n ti gbà pé onílé ni wá. Mo pariwo, Ìyá Àgbà jáde láti orí ìrun.

Mo wá ka ìyókù. Níwọ̀n bí a ti jẹ́ onílé, kí a kọ orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé náà kí wọ́n tó tì í, pẹ̀lú nọ́ńbà ìkámà ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ìwé ìgbélùú.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àga. Wọn ò béèrè pé kí n tún un kà.

Ẹni tó ní ìkámà nínú ilé yẹn kò sí. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò lè gba ilé lọ́wọ́ onílé tó ń béèrè ìwé. Suwaibat bá úmúrà wá ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò padà. Fàrúkù náà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ orúkọ wọn, mo ti júwe wọn fún àwọn tó ń kó ẹni tí kò níwèé.

Àìkú, 1 Ẹrẹ́nà

Mo padà lọ bá Nouf. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn bi í pé ṣé dandan ni nọ́ńbà yẹn.

Ó ní àpótí méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bá jẹ́ ayálégbé, a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ dúyúfù, ìyẹn àlejò, àwọn tó wá ṣe hájì tàbí úmúrà, wọn ò béèrè orúkọ, nítorí àwọn yẹn ti padà sí ìlú wọn. Iye yàrá nìkan la máa kọ. Ó ní ilé tó wà ní Shubaikah, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ti àlejò.

“Èwo ni tiyín?”

Mo ní màá béèrè lọ́wọ́ ìyá mi àgbà.

“Ẹ gbọ́ wọn dáadáa lọ́tẹ̀ yìí,” ó ní, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù náà pa.

Jímọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Suwaibat àti Layla wá bá wa ṣínu. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá láti Bahra nínú kúlà tí wọ́n fi ń gbé omi. Rayan jẹ mẹ́ta kí àwa tó débi dábínù kejì.

Ìyá Àgbà ò fẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà níwájú àlejò. Rayan ló tú u síta.

Suwaibat nu ọwọ́. “Ẹ kọ orúkọ mi, Àlàájà.”

“Jẹun.”

“Mo ti jẹun. Ọdún tí mo ṣàìsàn tí n kò lè ṣiṣẹ́, ṣé ẹ béèrè owó ilé lọ́wọ́ mi? Ẹ kọ ọ́. Ó ti ń wù mí kí n lọ sílé tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá mú mi, ọkọ̀ òfuurufú ọ̀fẹ́ ni.”

“Layla ńkọ́? Ìwé wo ni wọ́n máa fi gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀fẹ́ yẹn?”

Suwaibat yíjú wo ọmọ rẹ̀. Layla ń fi ewé mọ́ínmọ́ín ṣe fìlà fún ife.

Ìyá Àgbà kọjú sí mi. “Ramla, mú fọ́ọ̀mù rẹ wá. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò ni wọ́n.”

“Ìyá Àgbà, wọ́n ń san owó ilé fún yín.”

“Ṣé àlejò kì í mú nǹkan bọ̀ fún onílé ni? Kí ni Suwaibat bá wá sí ìlú yìí?”

“Úmúrà.”

“Ó ti padà?”

“Rárá.”

“Ẹn-ẹ́n. Àlejò Ọlọ́run ni. Kò tíì lọ ni.”

Rayan rẹ́rìn-ín débi pé ó bú sí Yorùbá. “Ìyá, ẹ gbọ́n o.” Suwaibat náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí a ń kó àwo wọ kíṣìnì, Rayan bá mi sọ̀rọ̀ ní Lárúbáwá, jẹ́jẹ́. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò, wọn ò ní pe ìyá arúgbó. Orúkọ ẹni tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni wọ́n máa wò, èmi sì ni. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àmọ́ bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá kọ ọ́.” Ó mú ọsàn kan, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Àìkú, 8 Ẹrẹ́nà

Akọ̀wé wákàfù pè. Ó kí Ìyá Àgbà kú àwẹ̀, ó béèrè ara wọn, ó béèrè ara mi. Kò béèrè owó. Ó kàn sọ pé ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ọ̀gá òun ti ń béèrè ilé wo ló kù. Ìyá Àgbà ní ọmọ àwọn ń bá fọ́ọ̀mù lọ. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń fi mí yangàn.

Mo ṣí fọ́ọ̀mù náà. Àpótí méjèèjì wà níwájú mi. Mo kọ “ayálégbé,” mo pa á rẹ́. Mo kọ “dúyúfù,” mo pa á rẹ́. Mo lọ wo Ìyá Àgbà, wọ́n ti sùn lórí àga pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀.

Àǹtí Kìfáyàtù, mo mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ya fọ́tò àwọn ojú ewé yìí ránṣẹ́ sí yín kí ẹ lè bá mi tún àmì ohùn ṣe. Mo ń fi wọ́n ránṣẹ́ lónìí. Ẹ má tíì wo àmì ohùn.

Nígbà àkọ́kọ́, mo túmọ̀ Ìyá Àgbà láìgbọ́ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ wọn ketekete. Àlejò ni wọ́n pe àwọn Suwaibat. Mo wo inú ìwé atúmọ̀ tí ẹ rà fún mi, àlejò náà ni dúyúfù, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, Nouf máa gbà á sí ohun tí kì í ṣe òótọ́, orúkọ mi ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá kọ “ayálégbé,” mo ti ṣi Ìyá Àgbà túmọ̀ nígbà kejì, pẹ̀lú ojú ara mi, mo sì ti fi Suwaibat àti Layla lé wọn lọ́wọ́. Bí n kò bá kọ ohunkóhun títí di Àlàmísì, a ò purọ́, a ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ilé á bá ilẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní “àlejò.” Ẹ̀kọ́ kejì ni, mo rántí, ẹ ní kí n fi í ṣe gbólóhùn, mo ní “Àlejò wà nílé wa,” ẹ ní ó dára. Bí ènìyàn bá ti sùn nílé yín fún ọdún mẹ́sàn-án, tó bímọ síbẹ̀, ní Ìlọrin níbẹ̀, ṣé ẹ ṣì lè pè é ní àlejò? Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ fún mi lésì kí Àlàmísì tó pé. Kí ni kí n kọ?